Kóòtù Dúró-Ṣánṣán

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi?"

Aránṣọ kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ojú rẹ̀ dúdú, àwọn lẹ́tà funfun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tò sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ń sọ pé òun kò rí ètò kankan tí òun lè gbé dìde. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, nǹkan kan kò yí padà. Ó tẹ òmíràn, bákan náà ni.

Ọkọ rẹ̀ wà níwájú dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, ó ń fọwọ́ pa irun orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

"Èmi ni," ó ní, kò yíjú. "Wọ́n ní kí gbogbo àwa tí a fẹ́ di ọ̀gá ilé-ìwé wá sí ìpàdé orí fídíò lọ́la. Ẹ̀rọ ẹ ní Linux, ètò tó ń gbé òun ṣiṣẹ́, ti gbó jù, àfi kí n sọ ọ́ di tuntun. Mo ní kó máa ṣe é. Ibi tó ti ń ṣe é ló ti dákú."

"Ó dákú."

"Ẹ̀rọ ló ṣe é, Mọ́mì. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Wàá wá ẹni tó máa tún un ṣe." Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Kóòtù mi ńkọ́? Ṣé á jáde kó tó di Fúráìdé?"

Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Aránṣọ kì í ránṣọ fún ẹni tí ara rẹ̀ dọ́gba. Àwọn yẹn rí aránṣọ níbi gbogbo. Àwọn tí aṣọ ọlọ́jà kì í bá lára mu ló ń wá a: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ẹni tí apá rẹ̀ parí sí ìgúnpá, ẹni tí àìsàn mú ọmú kan lọ láyà rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń wọ̀n wọ́n, tó ń ya pátánì wọn sórí bébà, tó ń ya àwòrán bébà náà sínú ẹ̀rọ, tó sì ń fi ètò ọ̀fẹ́ kan tó wà lórí Linux tún un ṣe bí ara oníbàárà bá ṣe ń yí padà. Lẹ́yìn náà, á da bébà nù, torí yàrá ìránṣọ rẹ̀ kò fẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ó lé mọ́kànlá ló wà nínú fódà kan ṣoṣo tó pè ní Àwọn Ara.

Fíláàṣì tó ń kó ẹ̀dà wọn sí ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ yá a ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì pa gbogbo ohun orí rẹ̀ rẹ́ kó lè rí ibi tí yóò kó orin ìdárayá ilé-ìwé sí. Lọ́jọ́ yẹn náà, ó ní fíláàṣì ló ṣe é.

Ohun tó wá ká Aránṣọ lára jù ni ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀, Olóhùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin náà ti ń ka ìròyìn lórí rédíò; gbogbo ìlú mọ ohùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bó bá ń kọjá lójú títì. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ọ̀tún sì yọ síta. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, yóò kúrò lórí rédíò bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, yóò dìde dúró níwájú kámẹ́rà, gbogbo ayé yóò sì rí i. Ọ̀sán mẹ́ta ni Aránṣọ fi wọ̀n ọ́n fún kóòtù ọjọ́ náà. Ní ọ̀sán kẹta, Olóhùn sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Ẹ wọ̀n mí tán lónìí, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wọ̀n mí mọ́ láyé mi." Aránṣọ sì ṣèlérí fún un pé kò ní sídìí fún un mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Olóhùn pè.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu o. Ṣé ẹ ti gé e?"

"Mo ti ń múra sí i," Aránṣọ ní.

Irọ́ ni. Kì í purọ́ fún oníbàárà, ó sì ka irọ́ náà sí ọkọ rẹ̀ lọ́rùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n Àǹtí kì í ṣàdédé jí gbéra láti òpin ìlú wá kí ènìyàn ní aago méje. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé o ò bá ọkọ ẹ sọ̀rọ̀ láti àná."

"Mo kí wọn láàárọ̀, mà."

"Ó ní kíkí ọ̀hún dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń kíni." Àǹtí sún mọ́ ọn. "Gbọ́, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Ṣé torí ẹ̀rọ lo fẹ́ fi da ilé rú? Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé ilé-ìwé odindi lé e lọ́wọ́? Gbogbo òbí ló máa wà níbẹ̀ ní Fúráìdé. Ṣé kóòtù ẹ̀ ti jáde?"

"Ó máa jáde, mà."

"Ìwọ náà kúkú mọ bó ṣe máa ń dúró. Kóòtù ò gbọ́dọ̀ dójú tì í."

"Kò ní dójú tì wọ́n, mà," Aránṣọ ní. Nígbà tó sọ ọ́, òótọ́ ni.

Bí ọkùnrin náà ṣe máa ń dúró yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ. Dúró-Ṣánṣán ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, òun ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é lójú, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn dénú. Láràárọ̀ ló ń dúró níwájú àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà, tí á ní, "Ẹ wò mí. Ẹni tó bá máa darí ènìyàn, kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń nà ró." Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí Àǹtí lọ tán, Aránṣọ fi aṣọ ìnura wé ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Màmá Kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Màmá Kọ̀ǹpútà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Nígbà tí wọ́n ní kó lọ sinmi, ó ní kí ni òun fẹ́ sinmi ṣe, ló bá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ohun tó ti ń tẹ̀ látọjọ́ yìí palẹ̀. Ó fi fíláàṣì tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù náà kó lè wo inú rẹ̀ láì jí i.

"Ṣé kì í ṣe pé ò ń tàn án, ò ń pa á, o tún ń tàn án?"

"Rárá, mà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo bá fi í sílẹ̀."

"Orí ló kó ẹ yọ. Àwọn míì á máa tàn án títí á fi jẹ èyí tó ṣẹ́kù." Màmá Kọ̀ǹpútà wo ojú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ṣe "hẹn-ẹn." "Ọkọ ẹ ní ìsọdituntun yìí ló jẹ fáìlì ẹ?"

"Bó ṣe sọ nìyẹn, mà."

"Kì í jẹ fáìlì. Bó bá dúró lágbede méjì, ètò ló máa ń bàjẹ́, kì í wọ ibi tí ẹrù ènìyàn wà. Wò ó. Fódà ọkọ ẹ rèé. Fídíò bọ́ọ̀lù rẹpẹtẹ tó gbà sílẹ̀, ọ̀kan ò mì. Ibi tí tìẹ wà nìkan ló ṣófo."

"Ó ṣófo báwo, mà?"

"Ẹnì kan dà á nù." Ó fi ìka tẹ̀lé àwọn ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ. "Ẹ̀rọ máa ń kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lánàá, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní àyè ò tó òun, kí wọ́n kó ẹrù díẹ̀ kúrò. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n tún ní kó bẹ̀rẹ̀, àyè ti wá pọ̀ lọ súà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni fódà ẹ lọ, wọ́n sì tún gbọn ibi ìdalẹ̀nù dànù kó má baà padà wá. Aago mẹ́ta ku díẹ̀, wọ́n pa ìdérí ẹ̀rọ dé nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ta ló jáde nílé yín ní aago mẹ́ta?"

"Ó lọ gé irun," Aránṣọ ní.

Ó wá àga, ó jókòó. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá tán, tó ti mọ ẹni tó borí, tó ti wò tó sì tún wò, ìyẹn ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó wo ara ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, ó ní ìyẹn ni kó lọ. Lẹ́yìn náà ló wá dúró níwájú dígí òun, tó ń fọwọ́ pa orí, tó ní ẹ̀rọ ni. Ìbínú tó mú un kò pariwo rárá. Ó rọra wọlé, ó sì jókòó sí i láyà bí àlejò tó gbé àga rẹ̀ wá láti ilé. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà jìyà. Kò fi í pa mọ́ fún ara rẹ̀, ó fẹ́ kó jìyà níwájú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ṣé ẹ lè rí wọn, mà?"

"Nǹkan tí wọ́n bá dà nù nínú ẹ̀rọ kì í tètè lọ. Ẹ̀rọ á kàn yọ àkọlé ara rẹ̀, á ní kí ẹlòmíràn wá gba àyè. Bí ẹlòmíràn ò bá tíì gbà á tán, mo lè hú u jáde. Àmọ́ orúkọ ò ní bá wọn jáde o. Nọ́ńbà lásán ni wàá bá lára wọn. Ṣé wàá dá wọn mọ̀?"

"Bí mo bá ti rí èjìká wọn, màá mọ̀ wọ́n."

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Màmá Kọ̀ǹpútà sún àga fún un. Igba fáìlì ó lé ọgọ́rin ló jáde, gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà gígùn tí kò nítumọ̀. Aránṣọ ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ẹsẹ̀ òsì fi ìka méjì kúrú: atúnbàtàṣe nìyẹn. Apá ọ̀tún parí sí ìgúnpá: nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ọmọdé. Àyà òsì pẹlẹbẹ, ọ̀tún kún: ìyá oníṣirò. Lójú kan náà ló ń tẹ orúkọ wọn padà sí wọn lára.

"Ìwọ obìnrin yìí," Màmá Kọ̀ǹpútà ní, "ó ku díẹ̀ kí n máa bẹ̀rù ẹ."

Ó lé ní wákàtí méjì kó tó kan Olóhùn. Egungun ìhà tó yọ síta, ẹ̀yìn tó rọra yí, gbogbo ìlà ọ̀sán mẹ́ta yẹn pé pérépéré. Aránṣọ fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ, kò mọ̀ pé omi ti bọ́ lójú òun. "Òun rèé, mà," ó ní. "Kò ní sídìí fún un pé kó tún bọ́ra."

Fáìlì kẹrin lẹ́yìn ìyẹn gùn, ó sì fẹ̀ láyà. Èjìká òsì fi ìka kan àbọ̀ relẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ọwọ́ Aránṣọ dúró.

"Ta tún nìyẹn?"

"Ọkọ mi ni, mà."

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọkọ náà gan-an kò mọ̀. Nígbà tí Aránṣọ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò tíì dénú ẹnikẹ́ni nínú wọn, ló ti rí i. Kò sọ. Ó fi fóòmù kún èjìká òsì, ó gé ọ̀tún wálẹ̀ díẹ̀, ó sún bọ́tìnnì, ó tún ìsàlẹ̀ kóòtù gé, nígbà tí ọkùnrin náà sì wọ̀ ọ́ tó wo dígí, ó nà gbọnrangandan. Láti ọjọ́ yẹn, kò wọ aṣọ aránṣọ mìíràn mọ́. Lára rẹ̀ ni Aránṣọ ti kọ́ iṣẹ́ tó di oúnjẹ òun. Dúró-Ṣánṣán tí wọ́n ń pè é yẹn, abẹ́rẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a dúró.

"Mà," ó ní, "bí ènìyàn bá wá fẹ́ kí fáìlì kan lọ pátápátá ńkọ́? Tí ẹ̀yin gan-an ò ní lè hú u jáde mọ́?"

Màmá Kọ̀ǹpútà gba orí gíláàsì rẹ̀ wò ó. "Àṣẹ kan wà. Á kọ ìkọkúkọ lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dà á nù. Bó o bá ti lè tẹ̀ ẹ́, má wá sunkún sí mi lọ́rùn o."

"Mi ò ní sunkún, mà."

"Ṣé o ò kúkú lè bá a jà ni? Kí ẹ pariwo síra yín, kó tán níbẹ̀?"

"Bí mo bá bá a jà, wọ́n á pe Àǹtí."

Màmá Kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín, ó sì kọ àṣẹ náà sórí bébà pélébé kan fún un. Lóòótọ́, ìka kan àbọ̀ yẹn wà ní ọpọlọ Aránṣọ, kò nílò fáìlì kó tó rántí. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ nígbà tó bá sọ pé fáìlì náà ti lọ. Ìka kan ló fi tẹ àṣẹ náà, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ó wo èjìká náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun.

Ọjọ́ méjì ló fi rán kóòtù méjì. Olóhùn wá wo tirẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ó di ojú kó tó yí ẹ̀gbẹ́ sí dígí, ó la ọ̀kan, ó wá la èkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn mi dà?"

"Ó wà níbẹ̀. Aṣọ ló bá a rẹ́."

Olóhùn rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn ọjọ́ yẹn sí dígí ní ohùn tí gbogbo ìlú mọ̀. Aránṣọ jókòó, ó gbọ́ ọ títí dé orí ojú ọjọ́.

Ti ọkọ rẹ̀, pátánì tí wọ́n ń tà lọ́jà ló fi gé e, ti ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Aṣọ onílà ni ọkọ náà rà fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni Aránṣọ ti ń bá a jiyàn pé aṣọ onílà kò yẹ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò jiyàn. Ó rán an dáadáa. Kò sí aránṣọ tó lè rí àléébù níbẹ̀: kọ́là jókòó, ìlà pàdé ìlà, fóòmù ọ̀tún àti tòsì nípọn bákan náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí ti wà nílé kí wọ́n tó jí. Ọkọ̀ ilé-ìwé ti dé ẹnu ọ̀nà, awakọ̀ ń dúró. Dúró-Ṣánṣán ki apá bọ kóòtù, ó di bọ́tìnnì, ó gbé àyà síwájú bó ṣe máa ń ṣe, ó wo dígí.

Ó fọwọ́ gbọn ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó fà á sókè. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún wálẹ̀.

"Mọ́mì, kí ló ṣe aṣọ yìí?"

"Kí ló ṣe é, Dádì?"

"Ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan."

"Dúró dáadáa," Àǹtí ní láti orí àga.

"Mo dúró dáadáa, Àǹtí."

"Na èjìká ẹ nígbà náà. Ṣé ìwọ la fẹ́ kọ́ ní dídúró?"

Ó nà á. Àwọn ìlà ara kóòtù dagun lọ sí òsì bí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ wọ́. Ó tún nà á, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

"Ẹ bọ́ ọ," Aránṣọ ní jẹ́jẹ́. "Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Èmi ni mo rán ìyẹn náà. Kí ẹ wá wo ara yín."

Bóyá torí pé ohùn rẹ̀ tutù ni, ọkùnrin náà ṣe bó ṣe wí. Ó dúró níwájú dígí gígùn yẹn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan, níbi tí àwọn oníbàárà ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró sí. Ó wo èjìká rẹ̀ ọ̀tún, ó wo tòsì.

"Ìgbà wo ló ti rí báyìí?"

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín."

"O mọ̀."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ń gbé e sókè. Pátánì yín wà nínú fódà yẹn pẹ̀lú tàwọn yòókù."

Awakọ̀ fọn fèrè ọkọ̀ níta. Ọkùnrin náà gbé ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ̀ ọ́, ó ṣi bọ́tìnnì dì, ó tú u, ó tún un dì.

"Bá mi tún kóòtù náà ṣe."

"Fáìlì yín ti lọ, Dádì."

"Kí ló gbé e lọ?"

"Ẹ̀rọ ló ṣe é," Aránṣọ ní. "Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn."

Àǹtí wo ojú àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin náà ń wo láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì, tí Màmá Kọ̀ǹpútà ti fi Linux tuntun sí, tó ń tàn wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun ti mọ̀.

"Mo rò pé àwòrán aṣọ àtijọ́ ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mi ò mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n."

"Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe rò ó nìyẹn."

Fóòmù tó máa gbé e sókè wà nínú àpótí abẹ́ tábìlì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní tán kó tó rán an mọ́ ọn. Orúnkún Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpótí náà níbi tó jókòó sí. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wò ó, ó ń retí. Fèrè tún dún. Aránṣọ kò sún orúnkún, kò sì ṣí àpótí.

Ọkọ rẹ̀ gbé kóòtù wọ̀, ó jáde. Àǹtí tẹ̀lé e, kò dágbére. Láti ojú fèrèsé, Aránṣọ rí i tó ń gba àgbàlá kọjá lọ síbi ọkọ̀. Ó gbé èjìká òsì sókè, ó fi agídí dì í mú. Ní ẹsẹ̀ kẹta, ó wálẹ̀. Ó tún gbé e. Kó tó dé ẹnu ọkọ̀, ó ti wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, gbogbo ọjọ́ ayẹyẹ náà sì ṣì wà níwájú rẹ̀.

Aránṣọ dúró títí ọkọ̀ fi yà lójú títì. Ó wá padà sí tábìlì, ó ṣí fáìlì tó kàn nínú àwọn tí kò tíì lórúkọ. Ìbàdí ọ̀tún ga, tòsì relẹ̀, ọrùn kúrú. Ó mọ ẹni náà lójú ẹsẹ̀, ó sì tẹ orúkọ rẹ̀ sí i.